Ọ̀nà kan ò wọ ọjà: Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa Mastodon, àti bí ẹ ṣe lè bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀

Lọ́sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, obìnrin kan pè wá lórí ètò láti Ajue. Epo pupa ló ń tà. Ó ní ọdún mẹ́rin lòun fi kó oníbàárà jọ lórí ìkànnì ayélujára kan tó gbajúmọ̀, àwọn tó ń ra epo lọ́wọ́ òun láti Èkó, láti Ìbàdàn, títí dé Benin. Òwúrọ̀ ọjọ́ kan ló jí, tó tẹ fóònù, tí wọ́n ní àkáǹtì rẹ̀ kò sí mọ́. Wọn ò sọ ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀. Kò rí ẹnì kankan bá sọ̀rọ̀. Lẹ́tà tó kọ sí wọn, ẹ̀rọ ló dá a lóhùn.

"Bọ̀dá," ó ní, "fóònù mi wà lọ́wọ́ mi, epo mi wà nínú kẹ́ẹ̀gì, àwọn tó ń rà á náà ṣì wà láyé. Ṣùgbọ́n mi ò mọ ọ̀nà tí mo lè gbà dé ọ̀dọ̀ wọn mọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Bí a ṣe parí ètò lọ́jọ́ náà, àwọn olùgbọ́ wa bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́: ṣé kò sí ìkànnì tí ẹnì kan ṣoṣo ò ní lè dá tì mọ́ èèyàn lójú ni? Ó wà, kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Èyí tó gbajúmọ̀ nínú wọn ni Mastodon. Nínú àlàyé yìí, a ó sọ ohun tó jẹ́, bó ṣe ń ṣiṣẹ́, bí ẹ ṣe lè bẹ̀rẹ̀ láti orí fóònù yín, àti ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó.

Ohun tí ọdún 2021 kọ́ wa

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí oníepo wa yìí, gbogbo Nàìjíríà ti tọ́ irú rẹ̀ wò rí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà ọdún 2021, Twitter yọ ọ̀rọ̀ kan tí Muhammadu Buhari, tó jẹ́ Ààrẹ nígbà náà, gbé sórí rẹ̀ kúrò. Lọ́jọ́ Kẹrin oṣù náà, Lai Mohammed tó jẹ́ Mínísítà fún ètò ìròyìn kéde pé ìjọba àpapọ̀ ti dá iṣẹ́ Twitter dúró ní Nàìjíríà. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi máa mọ́, àwọn iléeṣẹ́ tẹlifóònù ti ń ti ilẹ̀kùn. Ẹ tẹ̀ ẹ́ títí, kò ní ṣí.

Kò pẹ́ rárá tí NBC, àjọ tó ń mójú tó iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, fi pàṣẹ fún gbogbo ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n pé kí wọ́n kúrò lórí Twitter, kí wọ́n má sì ti ibẹ̀ wá ìròyìn mọ́. Àwa tó ń ṣiṣẹ́ yìí mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Àwọn tó ń gbọ́ ìròyìn lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ rédíò láti orí Twitter, pàápàá àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun, kò sí ọ̀nà láti sọ fún wọn níbẹ̀ pé "ibí la kó lọ o."

Àwọn tó mọ VPN lò ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Àwọn tó kù jókòó. Ó lé ní oṣù méje kí ilẹ̀kùn tó ṣí padà, lọ́jọ́ Kẹtàlá oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2022. Nígbà tó di oṣù Keje ọdún yẹn, ilé ẹjọ́ ECOWAS dájọ́ pé títì tí ìjọba tì í kò bófin mu. Ìdájọ́ dára, ṣùgbọ́n ọjà tí kò tà láàárín oṣù méje, ìdájọ́ ò lè bá wa tà á.

Apá kan wà nínú ìtàn yìí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti gbàgbé. Ọ̀sẹ̀ kan ò tíì pé tí wọ́n ti Twitter tí ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀ fi ṣí àkáǹtì sórí Koo, ìkànnì kan tí àwọn ará Íńdíà dá sílẹ̀. Àwọn kan tẹ̀lé wọn lọ. Lóṣù Keje ọdún 2024, Koo kógbá sílé. Ẹ ò rí nǹkan? Wọ́n kúrò nílé onílé kan, ilé onílé mìíràn ni wọ́n tún sá wọ̀.

Twitter náà ò sì dúró bó ṣe wà. Lóṣù Kẹwàá ọdún 2022, Elon Musk rà á ní bílíọ̀nù mẹ́rìnlélógójì dọ́là. Nígbà tó fi di oṣù Keje ọdún 2023, orúkọ rẹ̀ ti di X. Kò sẹ́ni tó pe ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń lò ó jókòó láti bi yín léèrè.

Ilẹ̀ onílẹ̀ ni

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa ní Ajue àti káàkiri Odigbo, ẹ ó tètè lóye ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó gba ilẹ̀ dá oko kòkó, tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún onílẹ̀, ó lè gbìn ín, kó ro ó, kó fín oògùn sí i, kí kòkó so jìngbìnnì. Ṣùgbọ́n bí onílẹ̀ bá ní kó máa lọ, ta ló máa fa igi kòkó tu gbé sórí? Bí Facebook, X, Instagram àti TikTok ṣe rí nìyẹn. Onílẹ̀ kan ló ni oko kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ń tẹ̀lé yín níbẹ̀ ni igi kòkó yín, ẹ ò sì lè kó wọn lọ.

Mastodon yàtọ̀. Eugen Rochko ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Jámánì lọ́dún 2016. Kò kọ́ ilé gogoro kan kó wá ní kí gbogbo ayé máa bọ̀ wá gbé inú rẹ̀. Ohun tó ṣe ni pé ó fi àwòrán ilé náà lélẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, pé kí ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀ ọ́n kọ́ máa fi kọ́ tirẹ̀. Yunifásítì lè kọ́ tirẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn oníròyìn lè kọ́ tiwọn, ọ̀rẹ́ mẹ́wàá lè dáwó jọ kọ́ tiwọn.

Ilé kọ̀ọ̀kan yìí ni wọ́n ń pè ní sáfà. Sáfà ò ju kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sántòru, tó ń tọ́jú ọ̀rọ̀ àti àwòrán àwọn tó forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún sáfà bẹ́ẹ̀ ló wà káàkiri ayé. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ẹni tó ń bójú tó o, tó sì ní òfin tirẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tó wà nílé yìí lè bá ẹni tó wà nílé ọ̀hún sọ̀rọ̀, kó tẹ̀ lé e, kó dá a lóhùn.

Ẹ wò ó bíi nẹ́tíwọọ̀kì fóònù. Ẹni tó wà lórí MTN ń pe ẹni tó wà lórí Glo, ẹni tó wà lórí Airtel ń pe àwọn méjèèjì. Kò sẹ́ni tó máa ní àfi kí ẹ ra síìmù òun kí ẹ tó lè bá ìyá yín sọ̀rọ̀. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2013 ni ẹ sì ti lè mú nọ́ńbà yín kúrò lórí nẹ́tíwọọ̀kì kan bọ́ sórí òmíràn ní Nàìjíríà, láì pààrọ̀ nọ́ńbà. Facebook àti X ló dà bí ẹni pé MTN ní MTN nìkan lẹ lè pè. Mastodon padà sí bí fóònù ṣe ń ṣe.

Èdè tí àwọn sáfà náà fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń pè ní ActivityPub. W3C, àjọ tó ń ṣe ìlànà fún íntánẹ́ẹ̀tì lágbàáyé, ló fọwọ́ sí i lóṣù Kìn-ín-ní ọdún 2018. Kódà Threads, tó jẹ́ ti àwọn tó ni Facebook, ti ń sọ díẹ̀díẹ̀ nínú èdè náà.

Bí ẹ ṣe máa bẹ̀rẹ̀

Ohun tí ẹ nílò ò pọ̀: fóònù tó ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì, ímeèlì kan tí ẹ ṣì lè ṣí, àti bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Lórí sáfà tó pọ̀ jù lọ, ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀. Bí ẹnì kan bá pè yín pé kí ẹ san owó fọ́ọ̀mù Mastodon, gbájú-ẹ̀ ni o.

Ìkíní, ẹ gba ààpù sórí fóònù. Ẹ lọ sí Play Store, tàbí App Store bó bá jẹ́ iPhone lẹ̀ ń lò, kí ẹ wá Mastodon. Oríṣiríṣi ààpù ló wà tó ń ṣí i, ṣùgbọ́n èyí tí iléeṣẹ́ Mastodon fúnra rẹ̀ ṣe ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Bí àyè ò bá sí lórí fóònù yín, ẹ gba orí bíráwúsà lọ sí joinmastodon.org.

Ìkejì, ẹ yan sáfà. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bẹ̀rù, tí wọ́n á pa fóònù dé. Ẹ fọkàn balẹ̀ jàre. Ẹ rò ó bíi gáréèjì. Ẹni tó ń lọ sí Èkó láti Ore lè wọ mọ́tò ní gáréèjì yìí, ó sì lè wọ ọ́ ní tọ̀hún. Títì kan náà ni gbogbo wọn máa gbà. Ohun tó yàtọ̀ ni ẹni tó ń ṣe alága níbẹ̀, bóyá ibẹ̀ mọ́, bóyá wọ́n ń jẹ́ kí àwọn jàgùdà máa yọ èrò lẹ́nu.

Ààpù náà máa kọ́kọ́ fi mastodon.social hàn yín. Iléeṣẹ́ Mastodon fúnra rẹ̀ ló ń bójú tó èyí, òun ló sì tóbi jù. Bí ẹ ò bá mọ ibòmíràn, ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ lè kó kúrò tó bá yá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ wo àwọn yòókù, ohun mẹ́ta ni kí ẹ yẹ̀ wò: ta ló ń bójú tó o, ó ti tó ìgbà wo tó ti wà, kí sì ni òfin rẹ̀ sọ. Ẹ ka òfin yẹn. Àwọn sáfà kan ò gba ìpolówó ọjà rárá. Àwọn kan á ní kí ẹ kọ ìdí tí ẹ fi fẹ́ wọlé, ẹ ó sì dúró kí wọ́n tó gbà yín.

Ìkẹta, ẹ forúkọ sílẹ̀. Wọ́n á béèrè orúkọ tí ẹ fẹ́ máa jẹ́, ímeèlì àti pásíwọ́ọ̀dù. Àwọn sáfà mìíràn á béèrè ọjọ́ ìbí yín. Ẹ má lo pásíwọ́ọ̀dù tí ẹ fi ń ṣí ààpù báǹkì yín. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi líǹkì kan ránṣẹ́ sí ímeèlì yín, ẹ tẹ̀ ẹ́ kí àkáǹtì náà lè jí. Bí ẹ ò bá rí i, ẹ wo inú Spam.

Nípa orúkọ, oríṣi méjì ló wà. Èyí tó jẹ́ àdírẹ́sì yín kò gba àmì ohùn, kò gba àmì abẹ́ létà, kò sì gba àlàfo. Èyí tí ayé máa rí lókè ọ̀rọ̀ yín gba gbogbo rẹ̀, nítorí náà ẹ kọ orúkọ yín dáadáa pẹ̀lú àmì ohùn. Ká ní ẹ mú orúkọ elepoajue lórí mastodon.social, àdírẹ́sì yín lódindi á jẹ́ @elepoajue@mastodon.social. Ó rí bíi ti ímeèlì: orúkọ yín, lẹ́yìn náà ilé tí ẹ ń gbé. Ẹ fún àwọn èèyàn ní gbogbo rẹ̀, nítorí elepoajue mìíràn lè wà lórí sáfà mìíràn.

Ìkẹrin, ẹ tún ojú ilé ṣe. Ẹ fi àwòrán sí i, kí ẹ sì kọ gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta nípa ara yín. Ọ̀pọ̀ èèyàn níbẹ̀ kì í tẹ̀ lé ẹni tí ojú rẹ̀ ṣófo. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ láti kí ilé: ẹni tí ẹ jẹ́, ibi tí ẹ ti wá, iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe. Àṣà wọn ni kí àlejò fi #introduction sí ìparí ọ̀rọ̀ yẹn kí àwọn tó wà nílẹ̀ lè rí i, kí wọ́n sì kí i káàbọ̀.

Ìkarùn-ún, ẹ wá èèyàn tẹ̀ lé. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé ibẹ̀ máa dákẹ́ rọ́rọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Lórí àwọn ìkànnì tó kù, ẹ̀rọ kan ló ń yan ohun tí ẹ máa rí, tó ń ti ìpolówó àti ìjà àwọn ẹlòmíràn sójú yín. Lójú ewé yín lórí Mastodon, ọ̀rọ̀ àwọn tí ẹ fúnra yín tẹ̀ lé àti ohun tí àwọn yẹn bá pín lẹ máa rí, èyí tó dé gbẹ̀yìn ló sì máa wà lókè. Bí ẹ ò bá tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni, ẹ ò ní rí nǹkan kan.

Ọ̀nà tó yá jù ni kí ẹ tẹ háṣítáàgì sínú àpótí ìwádìí. Ẹ gbìyànjú #Yoruba, #Nigeria, #Cocoa, tàbí ohunkóhun tó kan iṣẹ́ yín. Ẹ lè tẹ̀ lé háṣítáàgì náà gan-an bí ẹ ṣe ń tẹ̀ lé èèyàn. Bí ẹ bá sì ti mọ àdírẹ́sì ẹnì kan, ẹ kọ ọ́ sínú àpótí ìwádìí lódindi, á jáde, ìbáà jẹ́ pé sáfà tó wà ní Kánádà ló ń gbé.

Ìkẹfà, ẹ sọ̀rọ̀. Ẹ lè kọ tó ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta (500) létà lẹ́ẹ̀kan lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ sáfà. Kí ẹ tó fi ọ̀rọ̀ síta, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ èdè sí: Yorùbá wà níbẹ̀, ẹ yàn án. Ẹ sì wo ibi tí ẹ ti lè yan àwọn tó máa rí i, bóyá gbogbo ayé, bóyá àwọn tó ń tẹ̀ lé yín nìkan, bóyá àwọn tí ẹ dárúkọ nínú rẹ̀ nìkan.

Bí ọ̀rọ̀ ẹnì kan bá wù yín, ìràwọ̀ wà, Boost sì wà. Ìràwọ̀ ń sọ fún ẹni náà pé inú yín dùn sí i, ó parí síbẹ̀. Boost ló ń gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀ lé yín. Níbi tí kò ti sí ẹ̀rọ tó ń gbé ọjà káàkiri, ọwọ́ wa la fi ń gbé ọjà ara wa.

Ohun kan kù. Bí ẹ bá fi àwòrán sí i, wọ́n á ní kí ẹ kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún àwọn tí kò ríran. Ẹ má fò ó. Ìwà ọmọlúàbí ni wọ́n kà á sí níbẹ̀. Àwa oní-rédíò náà, iṣẹ́ tí à ń ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn: ká sọ ohun tó wà lójú fún ẹni tí kò sí níbẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ kó ẹrù yín

Ibí yìí gan-an ni ìyàtọ̀ wà. Ká ní sáfà tí ẹ wà kò tẹ́ yín lọ́rùn mọ́, ẹ lọ ṣí àkáǹtì tuntun lórí sáfà mìíràn. Nínú ètò àkáǹtì tuntun, ẹ kọ àdírẹ́sì ti àtijọ́ sí i pé ẹ̀yin náà lẹ ni ín. Lẹ́yìn náà, ẹ padà sínú èyí àtijọ́, kí ẹ sọ pé ẹ ti kó lọ sí ti tuntun. Láti ibẹ̀, àwọn tó ń tẹ̀ lé yín á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí lọ bá yín fúnra wọn. Ẹ ò ní máa bẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má kàn máa ṣe é lójoojúmọ́ o, bí ẹ bá ti kó lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó dúró fún ọgbọ̀n ọjọ́ kí ẹ tó tún lè kó.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ ti kọ sẹ́yìn ò ní tẹ̀ lé yín. Ibi tí ẹ kọ wọ́n sí ni wọ́n máa wà. Igi kòkó lẹ kó lọ, ẹ fi ahéré sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ tó kù fún yín, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé a tan òun. Kó tó ṣeé ṣe láti kó ẹrù, sáfà àtijọ́ gbọ́dọ̀ ṣì wà láyé, wọn ò sì gbọdọ̀ tíì lé yín kúrò níbẹ̀. Bí sáfà bá kú lójijì, tàbí tí alábòójútó rẹ̀ bá ti àkáǹtì yín pa, kò sí ilẹ̀kùn tí ẹ máa gbà kó ẹrù jáde. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹ fara balẹ̀ yan sáfà. Ìdí náà sì nìyí tó fi yẹ kí ẹ máa wọ inú ètò àkáǹtì yín lóṣooṣù láti gba ìwé orúkọ àwọn tí ẹ ń tẹ̀ lé àti ẹ̀dà àwọn ọ̀rọ̀ yín sórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó

Àwa èèyàn Nàìjíríà ò tíì pọ̀ níbẹ̀. Bí ọjà lẹ̀ ń tà, ó ṣeé ṣe kí oníbàárà yín kankan má tíì sí níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ má sọ pé a ní kí ẹ pa Facebook tàbí WhatsApp tì. Ìlẹ̀kùn kejì la ní kí ẹ ṣí, a ò ní kí ẹ ti ti àkọ́kọ́.

Ọ̀rọ̀ àṣírí ò yẹ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ sí ẹnì kan ṣoṣo, alábòójútó sáfà lè rí i bó bá wá a. Bí ẹ bá sì dárúkọ ẹnì kan nínú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú àdírẹ́sì rẹ̀, òun náà máa rí i. Nọ́ńbà BVN, PIN káàdì àti ọ̀rọ̀ ìdílé, ẹ má gbé e débẹ̀.

Ẹnikẹ́ni lè jẹ́ orúkọ gómìnà. Kò sí àmì búlúù tí wọ́n ń fi owó rà níbẹ̀. Ohun tó wà ni pé ilé iṣẹ́ tàbí ẹni tó ní wẹ́ẹ̀bùsáìtì lè so ó pọ̀ mọ́ àkáǹtì rẹ̀, líǹkì náà á sì hàn ní àwọ̀ ewé lójú ewé rẹ̀. Bí ẹ bá rí àkáǹtì tó ní òun ni báǹkì, òun ni ìjọba ìbílẹ̀ Odigbo, òun ni ilé iṣẹ́ rédíò wa, tí kò sì ní irú líǹkì bẹ́ẹ̀, ẹ má fi owó ránṣẹ́, ẹ má sì tan ìròyìn rẹ̀ kálẹ̀.

Òfin ṣì ń mú èèyàn. Òfin tó de ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ní Nàìjíríà, tí wọ́n ṣe lọ́dún 2015 tí wọ́n sì tún un ṣe lọ́dún 2024, dé Mastodon bó ṣe dé Facebook. Ìjọba sì lè ní kí iléeṣẹ́ tẹlifóònù ti sáfà kan pa. Títi ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé ló nira ju títi ẹyọ kan lọ. Bí wọ́n bá sì gé íntánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀, kò sí Mastodon, kò sí nǹkan kan. Rédíò nìkan ló kù.

Owó ìrànwọ́ ni ọ̀pọ̀ sáfà ń jẹ. Àwọn tó ń lò ó ló ń dáwó iná àti ẹ̀rọ. Bí owó bá tán, onílé lè sọ pé ó rẹ òun. Bí ẹ bá ń gbádùn ibì kan, tí agbára yín sì ká a, ẹ fi nǹkan kékeré ṣe ìrànlọ́wọ́.

Bluesky ńkọ́?

Àwọn ọ̀dọ́ tó pè wá béèrè nípa Bluesky. Inú Twitter ni èrò rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2019, ó dá dúró gẹ́gẹ́ bí iléeṣẹ́ lọ́dún 2021, wọ́n sì ṣí i fún gbogbo ayé lóṣù Kejì ọdún 2024. Ó tètè yé èèyàn ju Mastodon lọ nítorí ó jọ Twitter ti àtijọ́, létà ọ̀ọ́dúnrún (300) sì ni ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀. Wọ́n ṣètò rẹ̀ kí èèyàn lè kó ẹrù rẹ̀ lọ síbòmíràn, ẹni tó ní wẹ́ẹ̀bùsáìtì sì lè fi orúkọ wẹ́ẹ̀bùsáìtì rẹ̀ ṣe àdírẹ́sì. Ṣùgbọ́n títí di ìsinsìnyí, iléeṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà ró. Bí ti Mastodon bá le jù fún yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Kò burú.

Oníepo wa

Obìnrin tó pè wá láti Ajue wá sí ọ́fíìsì wa lọ́jọ́ Sátidé kan, òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń lọ sí sẹ́kọ́ńdìrì. A jọ jókòó ṣí Mastodon fún un. Ọmọ yẹn ló tètè mọ̀ ọ́n lò ju èmi tí mò ń kọ́ wọn lọ. Ọ̀rọ̀ tí ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ gbé síta, èdè Yorùbá ló fi kọ ọ́: bí èèyàn ṣe lè dá epo tó dára mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n pò nǹkan mọ́. Bí mo ṣe ń kọ ìròyìn yìí, èèyàn mọ́kànlá ló ń tẹ̀ lé e. Kò tó ohun tó sọnù, ẹnu ọ̀nà la ṣì wà.

Ṣùgbọ́n kó tó dìde lọ́jọ́ náà, mo ní: "Mà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ra ìwé kan. Gbogbo ẹni tó bá ti ra epo lọ́wọ́ yín láti òní lọ, orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ìkànnì yòówù kẹ́ ẹ wà, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ òun nìkan ló mọ ọ̀nà ilé oníbàárà yín."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ìyá òun tó ta epo ṣáájú òun ní irú ìwé bẹ́ẹ̀, òun ló kà á sí ayé àtijọ́.

Ẹ̀yin náà, ẹ gbìyànjú rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan tí iná bá wà, tí dátà sì wà. Ibi tí kò bá ti yé yín, ẹ pè wá lórí ètò, a ó jọ yẹ̀ ẹ́ wò.